Ẹ Bi Wá Kí Ẹ Tó Yáwó Kọ́ Ilé Ìwé Wa

Ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, nígbà tí ojú gbogbo ayé wà lára ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà, ìbò mìíràn tún wà nílẹ̀ fún àwọn ará Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Àwọn tó ń ṣàkóso ilé ìwé ìjọba níbẹ̀ fẹ́ fi bọ́ǹdì yá 4.4 bílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n fẹ́ wó àwọn ilé ìwé tó ti gbó kí wọ́n tún wọn kọ́, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù àti páìpù omi tó ní òjé, wọ́n sì fẹ́ mú ẹnubodè ilé ìwé le kí oníbọn má baà ráyè wọlé. Kò tíì sí ẹkùn ilé ìwé kankan ní Texas tó béèrè owó tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní fi kún ìwọ̀n owó orí tí onílé ń san. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, nǹkan bí ènìyàn 58 nínú 100 ló ní àwọn ò gbà.

Àwọn tó dìbò yìí kò kórìíra ọmọ wọn. Ní ọdún 2012, àwọn ará ìlú kan náà fọwọ́ sí 1.89 bílíọ̀nù dọ́là fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Texas gba agbára kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn òbí fi ìbò yàn, wọ́n fi àwọn tiwọn sípò, wọ́n sì gbé Mike Miles wá láti máa ṣe ọ̀gá gbogbo ilé ìwé náà. Àwọn olùkọ́ àti òbí tó lòdì sí i kò jiyàn pé páànù ò jò tàbí pé páìpù ò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé káàkiri ni pé bí kò bá sí ìfọkàntán, kò sí bọ́ǹdì. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston, ọmọ wọn wà nínú àwọn ilé ìwé wọ̀nyí, àwọn tó sì ti di ọmọ onílùú láàárín wọn ní ẹ̀tọ́ láti wọ yàrá ìdìbò kí wọ́n sọ fún aláṣẹ pé rárá, kò tíì yé wa.

Èmi ń kọ èyí láti Ìlọrin ní ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí kò tíì sẹ́ni tó bi òbí kankan ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Bọ́ǹdì kò ju gbèsè lọ. Ìjọba gba owó lọ́wọ́ báńkì, lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, lọ́wọ́ àwọn olówó ńlá, ó fún wọn ní ìwé pé òun yóò dá a padà ní ọjọ́ báyìí, èlé rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ iye báyìí. Ní Amẹ́ríkà, owó orí tí onílé ń san lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń san gbèsè bọ́ǹdì ilé ìwé. Owó náà ń jáde lápò onílé, ó ń rí i nínú ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ bi í kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ìpínlẹ̀ Kwara náà ti gba bọ́ǹdì. Ní ọdún 2009, ó gba 17 bílíọ̀nù náírà fún ọdún 5, pẹ̀lú èlé ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí gbogbo owó náà bá ṣì wà lọ́rùn, èlé ọdún kan péré yóò tó 2.38 bílíọ̀nù náírà. Ara ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété àti ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú tó wà ní Ìlọrin. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2021, ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq lọ bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn aṣòfin fọwọ́ sí 35 bílíọ̀nù, 27.2 bílíọ̀nù ló sì wọlé. Lára ohun tí a mọ̀ mọ́ owó yìí ni afárá Tunde Idiagbon ní Tánkẹ̀, ilé iṣẹ́ aránṣọ ńlá, gbọ̀ngàn ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, àti ọgbà tuntun fún yunifásítì ní Ọ̀sí àti Ilésà-Bàrùbá.

Mi ò sọ pé afárá kò dára. Ẹni tó bá ti há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà yunifásítì rí mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé aṣòfin 24 ló wà nílé ìgbìmọ̀ Kwara, ẹnu ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tó láti so gbèsè mọ́ gbogbo wa lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó pe àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Òkèlele tàbí ní Ọjà Ọba kó bi wọ́n pé nínú afárá àti kíláàsì, èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe.

Ìdí tí wọn kì í fi í bèèrè kò ṣòro láti rí. Bí bọ́ǹdì ìpínlẹ̀ ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò fọwọ́ sí ìwé kan tí kò ṣeé yí padà, pé kí wọ́n máa yọ owó gbèsè náà ní Àbújá nínú ìpín Kwara lóṣooṣù kó tó wọ ọ̀nà Ìlọrin rárá. Kò sí agbowó-orí tí yóò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. A ti san án kí á tó mọ̀ pé a jẹ ẹ́. Nítorí pé kò ta wá lára, a rò pé owó wọn ni. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba kò ní fún alájọ ní igba náírà láìsí káàdì. Ojoojúmọ́ ni alájọ ń fi bírò fa ìlà sí i níwájú rẹ̀, lọ́jọ́ tí káàdì bá sọnù, ọ̀rọ̀ di ariwo. Ṣùgbọ́n lórí gbèsè bílíọ̀nù, kò sí káàdì lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa.

Ohun tó sì yẹ kó ká wa lára jù lọ kì í tilẹ̀ ṣe bọ́ǹdì. Owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní ọ̀nà tirẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 sọ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ nínú àpò owó rẹ̀, kí UBEC, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú iye kan náà wá kó tó lè fọwọ́ kan tirẹ̀: mú náírà kan wá, gba náírà kan. Òwò wo ló tún dára tó yẹn? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni Kwara fi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. UBEC ní owó tí àwọn ti fún ìpínlẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ yí sí ibòmíràn, àjọ náà sì fi Kwara sára àwọn tí wọn kò gbọdọ̀ fún mọ́. Nígbà tí ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq wọlé ní ọdún 2019, ó kọ́kọ́ dá 450 mílíọ̀nù náírà padà fún àjọ náà. Ní ọdún 2020, ó wá san 7.1 bílíọ̀nù tó yẹ kí ìpínlẹ̀ ti san láti 2014 sí 2019, UBEC náà mú tirẹ̀ wá, àpapọ̀ rẹ̀ di 14.2 bílíọ̀nù.

Gbogbo wa yọ̀, ó sì yẹ ká yọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ro ti ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Nígbà tí ìpínlẹ̀ fi san owó náà, ọmọ náà ti ń parí kíláàsì kẹfà. Ọdún mẹ́fà rẹ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ pátápátá nígbà tí owó tó jẹ́ tirẹ̀ wà nílẹ̀ ní Àbújá. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ nígbà náà. Bó bá gbọ́ ńkọ́? Ta ni yóò lọ bá?

Ilé ìwé kan wà ládùúgbò kan ní Ìlọrin níbí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ló ká páànù apá kan rẹ̀ kúrò. Igi àjà tó kù dúró gbagidi bí ìgbà tí wọ́n jó o tán, ògiri sì ní àwọn ìlà dúdú tí omi fà sísàlẹ̀ láti òkè dé ibi tí pátákó ìkọ̀wé wà. Àwọn ọmọ kíláàsì tí kò lórùlé mọ́ kó bẹ́ńṣì wọn lọ bá kíláàsì kejì. Olùkọ́ méjì ló wà nínú yàrá kan, ọ̀kan ń kọ́ ìṣirò níwájú, ọ̀kan ń ka Yorùbá lẹ́yìn, àwọn ọmọ àárín sì ń gbọ́ méjèèjì pọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku a wọlé láti ibi tí fèrèsé yẹ kó wà, wọn a fi ọwọ́ nu ojú ìwé kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i.

Wọ́n pe ìpàdé òbí àti olùkọ́ lórí rẹ̀. Akápò gbé ìwé ẹgbẹ́ dìde, ó ń ka ohun tí wọ́n rà: páànù, pákó, típà yẹ̀pẹ̀ kan, owó káfíńtà, ìṣó. Ó débi ìṣó, bàbá kan dá a dúró. Ó ní ìṣó ti wà nínú àkọsílẹ̀ òkè, báwo ló ṣe tún jẹ yọ nísàlẹ̀? Ariwo sọ. Akápò ṣàlàyé pé ti òkè jẹ́ ìṣó pákó, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ti páànù, ó fi rìsíìtì méjèèjì hàn, wọ́n gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá yẹn wò ó, ó ní ó dára, ó sì kó owó tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó kù náà tẹ̀ lé e. Mo ń wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka ju ìwé mẹ́fà lọ, wọ́n yẹ ìṣó wò títí ó fi yé wọn, wọ́n sì san owó wọn láìkùn. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ju òye ará ìlú lọ, kò tíì jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlú wa ti ń dáwó kọ́ ilé ìwé láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ní 1943, àwọn ọmọ Ọ̀ffà, nílé lóko, dáwó jọ, wọ́n sì dá Offa Grammar School sílẹ̀, nígbà tí ìjọba kò ní irú rẹ̀ lọ́kàn fún wọn. Ní Ìlọrin níbí, Ṣéèkì Kamaldeen Al-Adabiy àti ẹgbẹ́ Ansarul Islam rẹ̀ kọ́ ilé ìwé tí ọmọ mùsùlùmí ti lè kọ́ kéwú àti ìwé pọ̀, owó ọmọ ẹgbẹ́ ló sì gbé e ró. Wọ́n ń dá owó náà nítorí pé wọ́n mọ ẹni tó gbé àpò owó lọ́wọ́, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n ń rí i ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Èyí tó tóbi jù nínú ìtàn wa ṣẹlẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Ní 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ẹ̀kọ́ nínú ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Kí owó lè wà fún un, àti fún ìlera, wọ́n bu ṣílè mẹ́wàá àti sísì lé orí àwọn tó ń san owó orí. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ gbọ́. Owó ni wọ́n rí, wọn ò tíì rí ilé ìwé. Nígbà tí ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 dé, wọ́n fi ìka dá ìjọba lóhùn: nínú àga 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn, ẹgbẹ́ Alákùkọ (NCNC) gba 23, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group) ti Awólọ́wọ̀ tó ń ṣèjọba gba 18.

Ìjọba Awólọ́wọ̀ ì bá pa ètò náà tì lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tí ì bá bá a wí. Wọn ò pa á tì. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní bíi 457,000 lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n ju 800,000 lọ. Bàbá tó bínú sí ṣílè mẹ́wàá àti sísì wá rí àbúrò rẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n gbé síléètì dání láàárọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, wọ́n tún dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Ọlọ́pẹ gba 48 nínú 80, Alákùkọ gba 32. Èmi rí èyí bí ẹ̀rí pé ará ìlú lè kọ owó lónìí, kí ó gbà á lọ́la, tí ohun tó sanwó fún bá ti wà níbi tí ojú rẹ̀ tó o.

Ọwọ́ ètò yẹn kò dé Ìlọrin. Ìjọba Àríwá ló ni wá nígbà náà. Ìkirun àti Ọ̀ffà kò jìnnà síra wọn, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, àmọ́ ààlà gba àárín wọn kọjá, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì dúró ní òdìkejì. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Ẹgbẹ́ Tálákà Parapọ̀ ti Ìlọrin bá Ọlọ́pẹ ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ oyè àti ọ̀rọ̀ owó orí wà nínú ohun tó fà á, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé síléètì tí wọ́n ń rí lọ́wọ́ ọmọ òdìkejì kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ ìbò Amẹ́ríkà yẹn, nítorí Houston nìkan kọ́ ni wọ́n ti bi òbí léèrè. Ní ọjọ́ kan náà, àwọn ará Los Angeles ní Kalifọ́níà fọwọ́ sí bọ́ǹdì 9 bílíọ̀nù dọ́là fún ilé ìwé wọn, ó ju ìlọ́po méjì ti Houston lọ. Mi ò ní sọ pé ohun kan ṣoṣo ló mú wọn gbà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní Kalifọ́níà láti ọdún 2000 tó yẹ kí á kà dáadáa ní Ìlọrin. Tẹ́lẹ̀, bọ́ǹdì ilé ìwé nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò kó tó wọlé. Òfin náà dín in kù sí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ó di ẹrù mìíràn lé aláṣẹ lórí: kó kọ́kọ́ to orúkọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kó jẹ́ kí àwọn aṣírò-owó yẹ ìwé wò lọ́dọọdún, kó sì yan ìgbìmọ̀ ará ìlú tí yóò máa ṣọ́ bí owó ṣe ń jáde. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n fi àlàyé ra ìrọ̀rùn. Ìgbìmọ̀ ará ìlú yẹn ni bàbá tó yẹ ìṣó wò nínú ìpàdé wa, òfin ló wá gbé àga fún un kó jókòó.

Mo mọ̀ pé ìbò lè pa ọmọ lára. Ọmọ Houston tó ń mu omi inú páìpù tó ní òjé kò mọ Mike Miles mọ́ ẹnikẹ́ni. Páìpù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn àgbà bínú tán. Bí a bá gbé irú ìbò bẹ́ẹ̀ wá sí Ìlọrin lọ́la, bóyá àwa náà yóò kọ̀, nítorí wọ́n ti já wa kulẹ̀ ju ìgbà kan lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tiwa tí wọn kò dìbò lé lórí ńkọ́, ṣé ó sàn fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ọdún mẹ́fà lọ lórí rẹ̀ láìsí ìbò kankan.

Àwọn kan yóò ní òfin ilẹ̀ wa kò ní irú ìbò bẹ́ẹ̀ nínú. Òótọ́ ni. Òfin ìlú ti ọdún 1999 kò ní kí wọ́n bi ará ìlú kí ìpínlẹ̀ tó yáwó. Àwọn mìíràn yóò ní ta ló tilẹ̀ ni ilé ìwé? Ìbéèrè yìí jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń bi í lọ. Ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, orúkọ ìjọ ṣì wà lára wọn. Nígbà tí àríyànjiyàn dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 lórí bóyá ọmọbìnrin mùsùlùmí lè wọ híjáàbù nínú wọn, ìjọba ti ilé ìwé 10 pa ní Ìlọrin, kò sì sẹ́ni tó gbà fún ẹnìkejì pé òun ló ni ọgbà náà. Níbi tí a kò bá ti mọ olówó ilé, àtúnṣe ilé yóò máa fì síwájú, fì sẹ́yìn. Síbẹ̀, ní ti ilé ìwé ìjọba ìbílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn kankan: àwọn ọmọ àdúgbò ló ń lọ síbẹ̀, àwọn òbí àdúgbò ló ń tún páànù rẹ̀ kàn.

Mi ò dúró de àtúnṣe òfin ìlú. Ohun tí mo ń béèrè kéré sí i, ó sì wà ní ìkáwọ́ Kwara láti ṣe lọ́dún yìí. Wọ́ọ̀dù 193 ló wà ní ìpínlẹ̀ wa, gbogbo ilé ìwé ìjọba ló yẹ kó ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tí òbí, baálé àti olùkọ́ wà nínú rẹ̀. Kí owó UBEC tó ń bọ̀ tó jáde, tàbí kí ilé ìgbìmọ̀ tó tún fọwọ́ sí bọ́ǹdì mìíràn, kí àwọn aláṣẹ lọ sí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀ yìí, mágàjí, ìmáàmù, pásítọ̀ àti àwọn ìyálọ́jà, kí wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò ní èdè tí a ń sọ nílé: ilé ìwé wọ̀nyí ni a rí, owó tó wà nìyí, ta ni kó ṣáájú? Kí àwọn ará wọ́ọ̀dù nàka, kí wọ́n kà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Aṣòfin tó bá fẹ́ yí ohun tí wọ́n yàn padà, kó wá sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní ojúkorojú.

Bí ìjọba bá sì ní àyè kò sí fún ìpàdé, ìwé pélébé kan ṣoṣo ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kí tírélà tó já búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́: orúkọ ilé ìwé, iye kíláàsì tí wọ́n fẹ́ ṣe, iye owó, ibi tí owó ti wá, èlé rẹ̀ bó bá jẹ́ gbèsè, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, ọjọ́ tí yóò parí, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí òbí lè pè bí òjò bá tún wọlé.